Ohun Tí Wọ́n Yọ Nínú Iná Ọjà Wa

                                        Ìsọ̀ Alélùbọ́,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Tẹ̀dé,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Àyọ̀ká, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìlọrin níbẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ìyá ọkọ rẹ tí orúnkún ń dà láàmú? Ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. A retí rẹ níbí, a ò rí ọ. Àwa náà wà. Òjò ti rọ̀, àgbàdo wa lóko ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Sódìq ọmọ mi ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ, ó kàn jẹ́ pé ọgbọ́n ò tíì bá gíga náà dé ni.

Ara mi le, àmọ́ inú mi ò dùn. Ìríra ló gbà mí lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Mo mọ ohun tí wọ́n sọ fún ọ lórí fóònù, pé bàbá rẹ ń jí dísẹ́ẹ̀lì iná ọjà tà. Mo sì mọ̀ pé o pe Bàbá, o ní kí wọ́n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn Alhaji ìgbìmọ̀ iná ọjà kí ọ̀rọ̀ náà lè rọlẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló sọ fún mi, wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọn ò fi ọ́ sùn mí. Inú bí mi sí ìwọ náà, jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn kúrò lọ́nà. Ìdí tí mi ò fi pè ọ́ nìyẹn. Tí n bá pè ọ́, ìbínú ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ìwọ náà á sì máa dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu bí o ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí a ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. O ò lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ ìwé lẹ́nu. Jókòó kí o kà á.

O rántí àwọn iná tí ọmọ ìlú wa kan fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ń yọ wọ́n kúrò lójú títì wọn, wọ́n ń fi irú tuntun rọ́pò wọn. Àwọn iná yẹn ni wọ́n máa ń ṣe bàìbàì ná bí a bá kọ́kọ́ tàn wọ́n, kí wọ́n tó wá mọ́ ní àwọ̀ ọsàn. Wọ́n tún ọjà wa ṣe, mi ò ní purọ́. Nígbà kajú, ìrọ̀lẹ́ ni àwọn tírélà máa ń dé, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì la sì máa ń wọn ọjà tí a máa ń dì í sọ́kọ̀. Lábẹ́ iná yẹn, ojú ń rí òkúta tí wọ́n kó sí ìsàlẹ̀ àpò. Àwọn tó ń kó òkúta sí àpò ò fẹ́ràn iná náà rárá.

Bàbá rẹ ni ìgbìmọ̀ iná ọjà ní kí wọ́n máa tọ́jú jẹnẹrétọ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wọ bùbá funfun wọn yẹn tó ti di àwọ̀ eérú, wọ́n á gbé àpótí ìjókòó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á sì máa tẹ́tí sí i bí abiyamọ ṣe ń tẹ́tí sí mímí ọmọ tuntun. Kò sí ọjọ́ kan tí iná pẹ́ kó tó tàn nígbà tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí n sọ ìyẹn nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nígbà tó yẹ kí wọ́n sọ ọ́.

Nígbà tó di oṣù Kejì, ooru dé. O mọ irú ooru wa nígbà tí ọyẹ́ bá ti lọ tí òjò ò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ààwẹ̀ ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn fáànù mọ́sáláṣí ńlá sì ń yí bí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀. Alhaji Kàdírì, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ iná ọjà tó sì tún wà lára àwọn àgbà mọ́sáláṣí, ló pe Festus, oníṣẹ́ iná tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ibùdókọ̀. Má bínú pé mò ń sọ "ó" fún Alhaji bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti tán, mi ò sì rí ibi tí mo ti lè yá òmíràn.

Festus wo àwọn fáànù náà, ó ní kàpásítọ̀ wọn ló ti kú. O mọ̀ ọ́n, nǹkan kékeré inú fáànù tí wọ́n máa ń pààrọ̀ bí fáànù bá ti ń lọ́ra. Ṣakí ò jìnnà tí wọ́n ti lè ra tuntun. Àmọ́ Festus rántí pé òun ti rí kàpásítọ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àpótí àwọn iná ọjà, ó sì dá a lójú pé èyí tó bá tóbi á fẹ́ atẹ́gùn jù. Ó gun òpó kan, ó yọ ti ibẹ̀, ó ní kí bàbá rẹ tan ẹ̀rọ. Iná náà tàn.

Gbogbo ìdánwò tí wọ́n ṣe kò ju ìyẹn lọ. Àwọn ìgbìmọ̀ dúró sábẹ́ òpó, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí i pé iná ń tàn, wọ́n ní nǹkan tí òyìnbó kàn fi há àpótí ni. Alhaji ní, "Ohun tí iná ò lò, ilé Ọlọ́run á lò ó." Wọ́n ṣe àmín. Festus wá yọ gbogbo rẹ̀, láti òpó ẹnu ọ̀nà ọjà títí dé ìsọ̀ àwọn alápatà. Ta ló fẹ́ sọ pé kí wọ́n má ṣe é? Ẹni tó bá lanu, wọ́n á ní ó ń fi atẹ́gùn du àwọn tó ń kírun. Ohun tó kọ́kọ́ kó mi nírìíra nìyẹn, pé wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run bo iṣẹ́ ọ̀lẹ mọ́lẹ̀.

Àwọn fáànù náà yí lóòótọ́. Wọ́n fẹ́ débi pé Lèmọ́mù ń di fìlà mú nígbà wáàsí, gbogbo ìlú sì ń yin Festus. Kí ààwẹ̀ tó dé ìdajì, wọ́n ti ń jóná ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí kàpásítọ̀ náà ti tóbi jù fún wọn. Wọ́n ní iná ìjọba ló bà wọ́n jẹ́.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ò tiẹ̀ dúró de ààwẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ tí Festus ti yọ àwọn nǹkan náà tán ni ẹ̀rọ ti ń kérora. Á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á pa ara rẹ̀. Bàbá rẹ á tún un tàn, á tún kú. Wáyà tó jáde láti ara rẹ̀ ń gbóná, ike ara wáyà náà sì ń rùn. Bàbá lọ bá Alhaji ní ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n ní, "Alhaji, ẹ̀rọ yìí ò gbé iná yìí mọ́ o, bẹ́ẹ̀ ó ń gbé e tẹ́lẹ̀." Alhaji ní òpó kan náà ni, iná kan náà ni, ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni ọwọ́ Bàbá tó ti ń gbọ̀n. Níwájú àwọn oníbàárà ló ti sọ ọ́, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.

Ìgbìmọ̀ lọ yá ẹ̀rọ ńlá láti ilé ìlagi. Ìyẹn gbé iná náà, àmọ́ ó ń mu dísẹ́ẹ̀lì bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Dúrọ́ọ̀mù tó máa ń gbé wa láti ọjà kan dé òmíràn kò dé ìdajì ọ̀nà mọ́. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ibi tí epo ń lọ. Dípò kí wọ́n wo ẹ̀rọ, èèyàn ni wọ́n wò. O sì mọ̀ pé bàbá rẹ ní ẹ̀rọ ìlọta lẹ́yìnkùlé, tó ti ń mu dísẹ́ẹ̀lì kí ẹnikẹ́ni tó dá ìgbìmọ̀ kankan sílẹ̀. Wọ́n rí kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ọ̀ràn tán. Ẹni tó ń bá gbogbo àdúgbò lọ àgbàdo, wọ́n ní epo ọjà ló fi ń lọ̀ ọ́.

O mọ gbohùngbohùn tó wà lórí igi odán níwájú ìsọ̀ wa, èyí tí wọ́n fi ń kéde ọmọ tó sọnù àti ewúrẹ́ tó ṣìnà. Lọ́jọ́ ọjà, tí àwọn ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti ará Òtu kún ilẹ̀, Alhaji fúnra rẹ̀ gbé e sẹ́nu. Ó ní ìgbìmọ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Àyọ̀ká nítorí pé epo ń pòórá lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ra dísẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pè wọ́n ní Ọ̀jẹ̀túndé, orúkọ tiwọn gan-an. Bàbá Àyọ̀ká ló ń pè wọ́n, léraléra, torí orúkọ tí gbogbo ọjà mọ̀ wọ́n sí nìyẹn. Mò ń wọn èlùbọ́ fún obìnrin kan lọ́wọ́, kọ́ńgò kún lọ́wọ́ mi. Bàbá rẹ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta okùn. Wọ́n dá okùn tí wọ́n ń yẹ̀ wò padà sórí àtẹ, wọ́n sì rìn gba àárín ọjà lọ sílé. Kò sẹ́ni tó kí wọn. Àwọn tí bàbá rẹ ń bá lọ àgbàdo lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ààwẹ̀ ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́. Àyọ̀ká, mo fẹ́ bì. Kì í ṣe pé mò ń fi ọ̀rọ̀ dárà o. Mo gbé kọ́ńgò sílẹ̀, mo lọ sẹ́yìn ìsọ̀, mo sì bì.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti kó lọ sí abà. Ẹ̀rọ ìlọta wọn dákẹ́, àwọn èèyàn ń ru àgbàdo wọn lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú. Wọn kì í wá kírun Jímọ̀ mọ́. Ojú ń ti àgbàlagbà fún ohun tí kò ṣe, àwọn tó ṣe é sì ń jókòó ní sáàfù iwájú ní mọ́sáláṣí.

Ìyápọ̀, àbúrò ìyàwó Alhaji, ni wọ́n fi rọ́pò wọn. Ǹjẹ́ epo dúró? Epo ò dúró. Bó ṣe ń lọ nígbà Bàbá náà ló ṣe ń lọ lọ́wọ́ Ìyápọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gun odán pe ìyẹn lólè. Wọ́n ní epo ti ń dín láti ilé epo.

Ẹni tó ni ilé ìlagi ló tú àṣírí náà láìmọ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbóná jù, ó sì pe ẹnjiníà tó máa ń bá a tún àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe wá láti Ṣakí. Waheedat lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú mítà kan jáde tí ẹnu rẹ̀ rí bí ẹ̀mú, ó fi gbá wáyà mú. Ó wò ó, ó tún un wò, ó wá ní kí wọ́n gbé àkàbà wá. Ó tú àpótí iná kan. Ó bojú wolẹ̀ láti orí àkàbà, ó ní, "Ta ló yọ kàpásítọ̀ inú eléyìí?" Festus wo Alhaji. Alhaji ń wo ọ̀nà.

Mo bu omi fún ọmọ náà nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo ní kó là mí lóye. Bó ṣe yé mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Nínú àpótí irú iná yẹn, irin wúwo kan wà tí wọ́n fi wáyà we. Òun ló ń kó iná tó ń wọ gílóòbù níjàánu kó má baà bẹ́. Àmọ́ irin náà ní ìwà kan. Yàtọ̀ sí iná tí wọ́n ń lò, ó máa ń yá iná tí kò ní lò, á dá a padà, á tún yá a, á tún dá a padà, kì í sinmi. Ọ̀dọ̀ kàpásítọ̀ ló yẹ kó ti máa yá a níbẹ̀ nínú àpótí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni yóò ti máa wá yá a, wáyà láti ẹ̀rọ dé òpó á sì kún fún iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lásán. Waheedat ní kí n ro ọkọ̀ tó kó iṣu lọ sí Ìbàdàn, tí kò tà, tó tún kó iṣu kan náà bọ̀ wálé. Ẹnì kankan ò jẹ nínú iṣu náà, àmọ́ ọ̀nà kún, táyà sì jẹ. Iná wa tàn bó ṣe ń tàn tẹ́lẹ̀. Ẹrù tí ẹ̀rọ ń rù ló ti lé ní ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kékeré ò fi gbé e mọ́, tí wọ́n fi lọ gbé òǹmu wá láti ilé ìlagi. Epo tí wọ́n ní bàbá rẹ jí, ẹ̀rọ ńlá ló mu ún, Alhaji Kàdírì ló sì gbé ẹ̀rọ ńlá wá.

Dúró, mi ò tíì dé ibi tó burú. A bá Waheedat lọ sí pálọ̀ Alhaji pé kó sọ iye kàpásítọ̀ tí wọ́n máa rà. Bí a ṣe wọlé, fáànù orí wa ń yí bí ẹni fẹ́ fò gba òrùlé jáde. Waheedat gbójú sókè, ó wò ó, ó sì wo Festus, Festus sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Ṣé o ti mọ ibi tí díẹ̀ lára nǹkan ilé Ọlọ́run lọ báyìí? Wọ́n gbé Maltina fún wa. Mi ò mu tèmi.

Wọ́n ra tuntun, Waheedat fi wọ́n sí i, jẹnẹrétọ̀ kékeré sì gbé gbogbo iná ọjà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n dá ẹ̀rọ ilé ìlagi padà. O lè rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Alhaji àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ dúró kí ìrọ̀lẹ́ ṣú díẹ̀, kí èèyàn dín lójú ọ̀nà, wọ́n wá wọ ọkọ̀ lọ sí abà lọ bá bàbá rẹ. Mo bá wọn lọ, torí pé mo ṣojú àwọn obìnrin ọjà. Wọ́n gbé obì síwájú Bàbá. Alhaji ní, "Àṣìṣe ni, Bàbá. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ẹ fọwọ́ wọ́nú, kẹ́ ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín."

Bàbá rẹ ò fọwọ́ kan obì náà. Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Inú ọjà lẹ ti pè mí lólè, ẹ lọ sọ èyí tẹ́ ẹ sọ yìí nínú ọjà."

Alhaji rẹ́rìn-ín bí ẹni ń tu ọmọdé nínú. Ó ní àgbà kì í jáde sí gbangba lọ sọ pé òun ò mọ nǹkan. Bí àwọn bá kéde rẹ̀, ta ni yóò tún máa gbọ́ràn sí àwọn lẹ́nu? Àwọn yòókù ń mi orí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Àgbà kì í jáde sí gbangba sọ pé òun ṣì í, àmọ́ ó ń jáde sí gbangba ba orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Irú àgbà wo nìyẹn? Àwọn ni wọ́n máa ń sọ fún wa pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ẹyin tiwọn fọ́, wọ́n ní kí onílé fi ẹsẹ̀ tiẹ̀ bò ó.

Bàbá ní, "Orúkọ ọmọ mi lẹ fi pè mí. Ó wà nílé ọkọ. Ẹ ti sọ ọ́ di ọmọ olè lójú àwọn àna mi." Wọ́n dìde, wọ́n wọ inú ahéré, wọ́n sì fi obì sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ni ín.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, èmi fúnra mi gun pèpéle ìdí odán, mo gbé gbohùngbohùn. Mo sọ ọ́, Àyọ̀ká. Mo sọ ti òpó, mo sọ ti fáànù, mo sọ ti ẹ̀rọ ilé ìlagi. Mo ní Bàbá Àyọ̀ká ò jí epo ẹnì kankan. Ibi tí mo sọ ọ́ dé nìyẹn tí ohùn mi fi kú. Jẹnẹrétọ̀ ọjà ló ń gbé gbohùngbohùn náà, Alhaji ti ní kí Ìyápọ̀ pa á. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí gbogbo ọjà wà láìsí iná ju kí wọ́n gbọ́ òtítọ́. Mo fi ẹnu lásán pariwo rẹ̀ títí ọ̀fun mi fi há. Àwọn alélùbọ́ àti àwọn oníkajú gbọ́. Àwọn tó wà lọ́nà jíjìn, tí wọ́n gbọ́ ti àkọ́kọ́ ketekete, kò gbọ́ èyí.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí abà lọ jíṣẹ́ fún Bàbá. Wọ́n ń tún ebè ṣe. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí Ọlọ́run má fi mí sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, gbogbo àwa obìnrin ọjà, kí a gbé jẹnẹrétọ̀ tiwa wá. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti rù, mi ò ní tàn ọ́. Wọ́n ń sè fún ara wọn, ìkòkò kan ló sì wà lórí àdògán náà.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un bí mo ṣe sọ ọ́. Kí ìyá ọkọ rẹ, mò ń fi òrí ránṣẹ́ fún orúnkún wọn. Kí àwọn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Sódìq kí ọ, bàbá rẹ̀ náà kí ọ.

Ohun tó kù nìyí. Nígbà tí mo ń bọ̀ láti abà, Bàbá sìn mí dé ìdí igi eèmì lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò bi mí nípa Alhaji, wọn ò bi mí nípa ọjà. Wọ́n wá ní, "Àrínọlá, ṣé Àyọ̀ká náà gbà pé mo jí i?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ìwọ lo mọ̀. Wá dá wọn lóhùn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,

Àrínọlá.